Ṣé èèyàn lè dá lọ wo àgùntàn igbó ní Ikh Nart, ní Mòǹgólíà?

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ o. Láti Ulaanbaatar, olú ìlú Mòǹgólíà, ó tó bíi kìlómítà 300, ẹ lè wọ rélùwéè tó ń lọ sápá Ṣáínà kẹ́ ẹ sì sọ̀ ní Shivee-Gobi, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ó di dandan kí mọ́tò wá gbé yín torí kò sí títì ọlọ́dà, ọ̀nà eléruku ni, òmíì ò tiẹ̀ hàn dáadáa, koríko lọ súà, ẹ ò sì ní rẹ́ni bi. Ẹ bá àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò sọ ọ́ ní Ulaanbaatar kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì gbé omi dání.

Ọdún 1996 ni wọ́n sọ Ikh Nart di ibi àbò fún àwọn ẹranko igbó. Argali lorúkọ àgùntàn ọ̀hún, òun ló tóbi jù nínú gbogbo àgùntàn igbó láyé, àgbò ẹ̀ máa ń wọ̀n ju kílò 100 lọ, ìwo ẹ̀ á wá ká kọrọdọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbò iléyá tẹ́ ẹ mọ̀ yẹn rárá! Àwọ̀ wọn bá òkúta ibẹ̀ mu, ẹ lè tẹjú mọ́ ọn títí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan àfi tó bá mirí, torí náà ẹ mú awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn lọ. Ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá làwọn àgbò máa ń kan ara wọn nítorí abo, ìgbà yẹn lèmi máa mú, àmọ́ òtútù ti dé nìyẹn o, ẹ wọ kóòtù tó nípọn.