Kí ló dé tí nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ fi máa ń dorí kodò lórí gíráàfù?

Ẹnìkan rí gíráàfù ìràwọ̀ Algol tí 2 wà lókè tí 3.5 wà nísàlẹ̀, ó wá béèrè bóyá ẹni tó yà á ṣì í yà ni. Rárá o. Bí àwọn awòràwọ̀ ṣe ń yà á nìyẹn.

Láyé àtijọ́, awòràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Ptolemy pín àwọn ìràwọ̀ tí ojú lásán lè rí sí ipò mẹ́fà. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù gba ipò kìíní, èyí tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí mọ́ gba ìkẹfà, bíi ti èsì ìdánwò ọmọ iléèwé gẹ́lẹ́. Ọdún 1856 ni awòràwọ̀ Norman Pogson wá sọ ọ́ di ìṣirò: tí máńgínítúùdù (ìyẹn nọ́ńbà ipò ìmọ́lẹ̀ yìí) ìràwọ̀ méjì bá fi 5 ju ara wọn lọ, ìmọ́lẹ̀ wọn fi ìlọ́po 100 yàtọ̀. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ kọjá ààlà a bọ́ sábẹ́ òdo: Sirius jẹ́ −1.46, oòrùn sì wà ní nǹkan bíi −26.7.

Ẹ wá wo Algol. Ìràwọ̀ méjì ló ń yí ara wọn ká níbẹ̀. Ní ọjọ́ 2.87 síra wọn, èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó èkejì á bọ́ síwájú rẹ̀, á dí i lójú, máńgínítúùdù á sì kúrò ní 2.1 lọ sí 3.4. Ìmọ́lẹ̀ ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ nìyẹn, síbẹ̀ nọ́ńbà ló ń ga sí i! Tí ẹ ò bá dorí ìlà òòró kodò, òkè lẹ máa rí níbi tó yẹ kí kòtò wà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo gíráàfù ìràwọ̀ la ń ṣe báyìí fún o. Èyí tí wọ́n bá fi iye ìmọ́lẹ̀ gan-an yà, bíi ti Kepler àti TESS, àwọn awò ìwòràwọ̀ tí wọ́n gbé lọ sí òfuurufú, kò ní ohun tí à ń dorí rẹ̀ kodò: 1 ni ìmọ́lẹ̀ tó pé, bí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ó lè já sí 0.99. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lójú tèmi, gíráàfù tí wọn ò kọ nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ̀ kò ṣeé gbà gbọ́.

Tó bá jẹ́ matplotlib, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya gíráàfù nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, lẹ fi ń yà á, àṣẹ invert_yaxis() ti parí iṣẹ́. Ẹ má fi −1 sọ nọ́ńbà di púpọ̀ kí àwòrán lè dúró dáadáa, torí 2.1 á di −2.1, ẹni tó bá sì kà á á rò pé Algol mọ́lẹ̀ ju Sirius lọ.