Omi wọ oko: orúkọ ta ni a ó kọ?

Ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo mi ní etí odò Ouémé wà lábẹ́ omi fún ọjọ́ 6. Wọ́n ní ìjọba Benin máa ń ran àgbẹ̀ tí omi bá ba oko rẹ̀ jẹ́ lọ́wọ́. Níbo ni kí n gbà? — Àgbẹ̀ kan, Ṣábẹ̀

Ẹ kú ewu omi, ẹ kú àfẹ́kù. Ọ̀dọ̀ olórí abúlé ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe Kútọnu. Òun ni yóò kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí àrọ́ńdísímáà, ìyẹn ọ́fíìsì tó wà láàrin abúlé àti ilé mẹ́ẹ̀rì, kí ó tó dé ilé mẹ́ẹ̀rì. Ìgbìmọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjálù, mẹ́ẹ̀rì fúnra rẹ̀ sì ni alága. Láti ibẹ̀ ni ìwé ti ń dé ọ̀dọ̀ pẹrẹfẹ́, aṣojú ìjọba ní ẹkùn yín, àti ANPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ará ìlú nígbà àjálù. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ATDA, àjọ ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, náà kí ó wá fojú rí oko. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìrànwọ́ ń jẹ́ owó: ó lè jẹ́ irúgbìn tàbí oúnjẹ, kì í sì í tó ohun tó ṣòfò.

Ẹ má kọ “gbogbo oko mi ni omi gbé.” Iye ni wọn yóò béèrè. Ẹ fi okùn mítà 20 wọn ilẹ̀: mítà 20 sí mítà 20 ni kántì kan, kántì 25 sì ni héktà kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ibi 5 nínú oko, mítà 5 sí mítà 5, kí ẹ ka ihò tí àgbàdo rẹ̀ ṣì wà láàyè. Bí ẹ bá gbìn ín ní sẹ̀ǹtímítà 80 sí 40, ihò bíi 78 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá ku 20, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Ẹ má ṣe mú kìkì ibi tí omi ti jinlẹ̀ jù, torí òṣìṣẹ́ yóò ka ibòmíràn, ọ̀rọ̀ yín yóò sì di irọ́ lójú rẹ̀.

Bí omi bá ti fà, ẹ wo pòròpórò: ẹrẹ̀ á ti fa ìlà sí i lára níbi tí omi ga dé. Ẹ gbé igi ìwọ̀n tì í, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Kí gbogbo èyí parí kí ẹ tó tún oko gbìn, nítorí ọkọ́ a máa pa ẹ̀rí rẹ́.

Ilẹ̀ tí mo yá ni mo gbin ẹ̀gẹ́ sí. Onílẹ̀ ní orúkọ òun ni kí wọ́n kọ. — Ìyá kan, Kétu

Rárá o, ìyá wa. Ẹni tó ra igi ẹ̀gẹ́, tó sanwó ọkọ́, ni òfò bá. Bí ẹ ò bá ní ìwé àdéhùn, ẹ mú ẹni méjì tí oko wọn bá tiyín pààlà lọ jẹ́rìí níwájú olórí abúlé. Ibi tó ń dun ọ̀pọ̀ obìnrin ni orúkọ: “Ìyá Bọ́sẹ̀” ni wọ́n kọ sínú ìwé, orúkọ mìíràn ló wà lórí CIP, ìwé ìdánimọ̀ yín, wọ́n á sì yọ ọ́ kúrò. Kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bára mu. Kí nọ́ńbà fóònù tí owó máa gbà wọlé jẹ́ ti orúkọ yín, kì í ṣe ti baálé.

Ẹ̀gẹ́ tó ti tóbi, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ wà á kíá kó tó jẹrà, kí ẹ fi ṣe gàrí. Ẹ kọ iye tí ẹ rí wà. Bí ẹ bá fi pamọ́, ìwé yín á bàjẹ́.

Ẹnìkan ń gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wa. — Kétu

Ẹ má san án. Ẹ sọ fún olórí abúlé lójú ẹlẹ́rìí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ń san owó ẹran tí àjálù pa? — Ọlọ́sìn kan, Àjàṣẹ́

Òótọ́ ni. Ètò kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LIP: ó ń san ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ẹran ń tà lọ́jà, fún èyí tó kú ju iye tó máa ń kú tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ọlọ́sìn gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹran tó ní kí àjálù tó dé tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn la lè ṣe níbí láìná kọ́bọ̀: oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni Ouémé máa ń kún jù, nítorí náà kí oṣù kẹjọ tó parí, ẹ ka ewúrẹ́, àgùntàn àti adìẹ yín sínú ìwé, kí olórí abúlé fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i.