Ẹ Bi Bàbá Akọ̀wé: Opó Tí A Kò Rí Ikú Ọkọ Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi obìnrin fẹ́, Manchester ni wọ́n ń gbé. Ọmọkùnrin wọn ti di ọmọ ọdún 14, ó sì ní dandan ni kí òun mọ ìran òun lápá ìyá àti lápá bàbá. Ti ọ̀dọ̀ wa kò yọ mí lẹ́nu. Mo jókòó ti fóònù, mo ka àwọn baba wa fún un títí dé orí ẹni tó sá kúrò ní Kétu nígbà ogun Dàhòmì, mo sì kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá bàbá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òṣìṣẹ́ òwú ni wọ́n ní Oldham láyé Ọbabìnrin Victoria. Nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1861, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ló wà nínú ilé. Nígbà tó fi di 1871, ọmọ ti di mẹ́ta, bàbá ò sí mọ́, wọ́n sì kọ "opó" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyá. Àna mi wá ìwé ikú ọkùnrin náà títí, kò rí i. Ṣé èèyàn lè pòórá bẹ́ẹ̀ nílùú tí wọ́n ti ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀?
Ìyá Ìbejì, Attakè, Porto-Novo

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú ọmọ-ọmọ. Gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ìlú tí wọ́n ti ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀! Ìdí ìwé ìbí ni mo jókòó sí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì mọ̀ ni pé ohun tí akọ̀wé bá gbọ́ ló ń kọ, ohun tí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ bá sì fẹ́ kó gbọ́ ló máa gbọ́. Ẹ wo káàdì ìdánimọ̀ tiyín. Bí a bá jọ jẹ́ ẹgbẹ́, "né vers" ló máa wà níbẹ̀ bíi tèmi: a bí i ní nǹkan bí ọdún báyìí. Akọ̀wé wojú mi, ó wojú ìyá mi, ó fún mi lọ́dún kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú tiwọn. Ní ìkànìyàn 1841, ẹni tó bá ti kọjá ọdún 15, wọ́n ní kí akọ̀wé gé ọjọ́ orí rẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún: ẹni ọdún 34 di 30, ẹni ọdún 39 di 35. Bí àna yín bá lọ sẹ́yìn dé ibẹ̀, tó rí ọkùnrin yìí tàbí bàbá rẹ̀ tí ọjọ́ orí kò bára mu, kó má tíì sọ pé kì í ṣe ẹni náà.

Ká wá sórí "opó" yẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí obìnrin náà mú ìwé ikú wá. Wọ́n béèrè ipò rẹ̀, ó ní opó ni òun, wọ́n kọ ọ́. Obìnrin tí ọkọ já sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ṣé kó máa ṣàlàyé fún gbogbo àdúgbò ni? Ìkọ̀sílẹ̀ nílé ẹjọ́ kì í sì í ṣe ti tálákà nígbà náà. Òfin 1857 gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí kóòtù kan ní London, owó tó ń náni sì ju agbára òṣìṣẹ́ òwú lọ fíìfíì. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òfin 1861 tó ka níní ọkọ méjì tàbí aya méjì sí ẹ̀ṣẹ̀ tilẹ̀ fi àyè kan sílẹ̀: bí ẹnì kejì bá ti lọ fún ọdún méje gbáko, tí a kò sì gbọ́ pé ó wà láàyè, ẹni tó tún ìgbéyàwó ṣe kò jẹ̀bi. Nítorí náà, kí àna yín fi ìwé ikú sílẹ̀ ná. Kó wá ìgbéyàwó kejì, ti ọkùnrin náà àti ti obìnrin náà.

Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fẹ́ kó kọ́kọ́ gbà ni ìwé ìbí ọmọ kẹta. Láti July 1837 ni ìjọba ti ń kọ ìbí sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. (Ó di 1875 kí òfin tó gbé ẹrù náà lé òbí lọ́rùn, ṣáájú ìgbà yẹn, akọ̀wé ló ń wá ọmọ kiri. Bí wọn kò bá rí ti ọmọ yìí, kí wọ́n wo ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì.) Lórí ìwé ìbí wọn, ẹ máa rí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n bí ọmọ sí, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá àti orúkọ tó ń jẹ́ nílé bàbá tirẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá ń ṣe, àti ẹni tó wá fi ìbí náà tó akọ̀wé létí pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀. Bí orúkọ bàbá bá wà níbẹ̀, a mọ̀ pé ó ṣì ń wọlé títí di nǹkan bí ọdún yẹn, wíwá wa ti kúrù nìyẹn. Bí àyè bàbá bá ṣófo, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àna yín fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ-ọmọ yín. Ẹ sì wo apá ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá rí àmì X níbẹ̀, ìyá náà kò mọ̀wé. Ẹni tí kò mọ̀wé kò lè ka ohun tí akọ̀wé kọ kó sì sọ pé ó ti ṣì í.

Ìyẹn ló mú kí orúkọ máa yí padà láti ìkànìyàn kan sí òmíràn. Hannah di Anna nítorí pé wọn kì í pe H lẹ́nu. Mary ni wọ́n kọ nílé ìjọba, Polly ni gbogbo ilé ń pè é. Kí àna yín fi orúkọ ìdílé sílẹ̀ nígbà míì, kó fi orúkọ àbísọ, ibi ìbí àti iṣẹ́ nìkan wá a. Láti 1851 ni ìkànìyàn ti ń kọ ìlú tí wọ́n ti bí èèyàn gan-an. Ti 1841 kò ju bóyá àgbègbè náà ni àbí òmíràn lọ. Lórí FamilySearch àti FreeBMD, àwọn ibi ìwákiri ìdílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe mí lórí ọjọ́ yẹn, 1861. Ọdún yẹn gan-an ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Àríwá dí èbúté àwọn ará Gúúsù pa, òwú tí Oldham àti gbogbo Lancashire ń fi ṣiṣẹ́ kò sì dé mọ́. Ẹ̀rọ dúró, ilé iṣẹ́ tilẹ̀kùn, ebi dé. Ó le jù ní 1862, kò sì tán pátápátá títí di 1865. Ọkùnrin tó wà nílé ní April 1861, tó pòórá láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, ebi ni mo kọ́kọ́ fura sí kí n tó fura sí obìnrin mìíràn. Àwọn kan rékọjá òkè lọ sí Yorkshire, níbi tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ. Àwọn kan wọkọ̀ òkun. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ ló wá lọ, tó ní òun máa ránṣẹ́ pè wọ́n.

Wàyí o, bí ẹ ṣe máa bá a: ẹ má wá a. Ẹ wá àwọn tó dúró tì í. Ẹ gba ìwé ìgbéyàwó òun àti ìyàwó rẹ̀. Orúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ wọn, ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Nínú iṣẹ́ mi, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí ni mo ti ń mọ ẹni tó ń parọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ni. Kí àna yín tẹ̀ lé ẹlẹ́rìí yẹn lọ sí ìkànìyàn 1871 àti 1881, kó ka gbogbo ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀, títí kan ayálégbé tó ń sùn sí yàrá ẹ̀yìn. Kó wo aládùúgbò méjì lápá ọ̀tún àti méjì lápá òsì. Ìkànìyàn 1881 ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ó rọrùn jù. Bákan náà ni ìwé ikú: orúkọ òbí olóògbé kì í sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tó kú máa ń fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìyá náà bá kú lọ́wọ́ ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀, ẹ ti rí ẹbí tuntun.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ọmọ-ọmọ yín fúnra rẹ̀ ṣe, kó má fi fún bàbá rẹ̀. Àkójọ orúkọ ìbí tí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba wọn, GRO, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ ilé bàbá ìyá láti 1837. Kó tẹ orúkọ ìdílé méjèèjì pọ̀, kó wo gbogbo ọmọ tí àwọn méjèèjì bí. Ó lè rí ọmọ tí kò sí nínú ìkànìyàn kankan, tí wọ́n bí lẹ́yìn ọ̀kan tó sì kú kí èyí tó kàn tó dé. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má bà á lójijì.

Ọkùnrin náà tún lè wà ní irú ibi báwọ̀nyí. Nípa ilé àwọn aláìní tí òfin 1834 dá sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ya ọkọ sọ́tọ̀, aya sọ́tọ̀, ọmọ sọ́tọ̀: ìwé wọn wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Nípa ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé àwọn alárùn ọpọlọ, nígbà míì lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ni ìkànìyàn kọ, nítorí náà kò lè jáde bí ẹ bá tẹ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni kò sí ní 1881, ẹ wo Kánádà. Láti 1869 ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ aláìní lọ síbẹ̀, nǹkan bí 100,000 kí ó tó dáwọ́ dúró. Ilé ìwé àtijọ́ ìjọba Kánádà ní orúkọ wọn, ọ̀fẹ́ ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Wọ́n kó ẹ̀gbọ́n bàbá ńlá mi lẹ́rú nígbà tí Kétu fọ́. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí Bahia ní Brazil, pé àwọn ará Kétu pọ̀ níbẹ̀. Kí lẹ rí sí i?
Olùkọ́ kan, Kétu

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má kọ ọ́. 1886 ni àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì ní Àgbómẹ̀, fọ́ Kétu, Brazil sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ẹrú láti 1850. Àwọn ará Kétu tó wà ní Bahia, ogun ìṣáájú ló kó wọn lọ. Àgbómẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ti 1886 lọ. Nígbà tí àwọn Faransé wọ Àgbómẹ̀ ní November 1892, ọ̀pọ̀ padà wálé láti tún ìlú kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti bímọ síbẹ̀ lè má padà. Ìwọ̀n ibi tí wàá ti máa wá nìyẹn. Kí o tó wọ mọ́tò, lọ káàkiri àdúgbò rẹ ní Kétu, bi àwọn agboolé tí baba wọn padà wálé pé ta ló wà pẹ̀lú wọn lóko Àgbómẹ̀, abúlé wo ni wọ́n sì fi wọ́n sí. Orúkọ abúlé yẹn ni kí o mú lọ. Mú oríkì ìdílé rẹ lọ pẹ̀lú, kí o kì í níwájú àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kí o tó béèrè ohunkóhun.

ÌBÉÈRÈ: Agudà ni wá, ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wálé, orúkọ Potogí là ń jẹ́. Ẹnì kan ń ta àwòrán apata ìdílé, àmì ìran tí àwọn Òyìnbó ń yà sórí apata ogun, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní ti orúkọ wa ni. Ṣé kí n rà á?
T., Porto-Novo

ÌDÁHÙN: Rárá. Irú apata bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n ń fún àti àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ Agudà sì gba orúkọ wọn lọ́wọ́ ọ̀gá tó rà wọ́n tàbí ẹni tó dúró fún wọn níbi ìrìbọmi. Salvador, olú ìlú Bahia, ni kí o kọ̀wé sí. Ìwé ìrìbọmi wà níbẹ̀, ìwé òmìnira wà, ìwé ìrìnnà tí ọlọ́pàá fún àwọn tó ń padà bọ̀ nílé sì wà nílé ìwé àtijọ́ Bahia. Béèrè orúkọ ẹni tó bá wọn wọkọ̀.