Ṣíbí mélòó ni benzoate yẹ kó jẹ́ nínú zobo?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Zobo ni mò ń tà níbí n'Íbàdàn, nínú bọ́tìlì 50cl. Wọ́n ní kí n máa fi sodium benzoate sí i kó lè pẹ́, ṣíbí ìjẹun kan ni mo sì ń dà sí kẹ́ẹ̀gì 10 lítà. Kọ́sítọ́mà mi kan wá sọ lánàá pé ó ń fa jẹjẹrẹ, àtìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀, torí ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́fà náà ń mu nínú ẹ̀. Ṣóòótọ́ ni? Ṣé mo sì lè fi sínú ófíò tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti ṣíbí yẹn, òun ló bà mí lẹ́rù ju ti jẹjẹrẹ lọ. Ṣíbí ìjẹun tó kún dáadáa lè gbé bíi gíráàmù 8 sí 10, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gíráàmù 2 ààbọ̀ ti tó 10 lítà, ìyẹn ni pé ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ ti ń fi sí i látọjọ́ yìí. Ìlànà oúnjẹ Codex tí wọ́n ń lò kárí ayé ò fẹ́ kí benzoic acid, ìyẹn ohun tí benzoate ń dà nínú nǹkan kíkan, inú ẹlẹ́rìndòdò ju mílígíráàmù 250 lọ nínú kílò kan, ti Yúróòpù tiẹ̀ tún kéré síyẹn, 150 ni.

Mo pẹ́ gan-an nídìí iṣẹ́ júùsì, kò sọ́jọ́ kan tá a fi ṣíbí wọn benzoate, torí òmíì kúnná bí ẹ̀lùbọ́, òmíì rí wóró wóró, ṣíbí kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ra síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù, irú èyí táwọn tó ń ta góòlù ń lò. Ẹ wọn gíráàmù 100, ẹ pò ó mọ́ omi tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù, kí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ lítà kan, ẹ wá fi sírínjì kẹ́míìsì fa 25 ml nínú ẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì 10 lítà, ẹ rò ó pọ̀ dáadáa. Ẹ má da ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú zobo tààrà o, kíkan inú ẹ̀ máa jẹ́ kó dì síbì kan, àwọn kan á wá mu púpọ̀, àwọn kan ò ní rí nǹkan kan mu.

Ohun tí benzoate ń ṣe gan-an ni pé tó bá ti bọ́ sínú nǹkan tó kan, ó máa yí padà di benzoic acid, ìyẹn ló ń wọnú yíìsì àtàwọn ohun tó ń mú búrẹ́dì bu, tí wọn ò fi ní lè bí sí i mọ́. Kì í fọ nǹkan tó dọ̀tí mọ́. Tí bọ́tìlì yín ò bá mọ́, tàbí omi kànga tẹ́ ẹ ò sè lẹ fi kún un, bí benzoate bá pọ̀ tó ìyanrìn, zobo yẹn á ṣì hó ni.

Ní ti jẹjẹrẹ, kọ́sítọ́mà yín ò parọ́ o, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Benzoate fúnra ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń tún un ṣe, ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ibi tí wàhálà wà ni pé tó bá pàdé fítámì C, tí ooru àti oòrùn wá kàn án, díẹ̀ nínú ẹ̀ lè di benzene, benzene yìí ló ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Láti 1990 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, ti mọ̀ nípa ẹ̀. Níbí náà, lọ́dún 2017, kóòtù gíga kan l'Ékòó pàṣẹ pé kí NAFDAC mú iléeṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan kọ ọ́ sára ìgò pé kéèyàn má fi fítámì C mu ún, ọ̀rọ̀ yẹn sì dẹ́rù ba gbogbo èèyàn. Benzene tí wọ́n ń rí nínú ohun mímu sábà máa ń kéré gan-an, ṣùgbọ́n zobo yín ní fítámì C tiẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn tẹ́ ẹ bá fún sí i tún ní, torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to bọ́tìlì síta nínú oòrùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Inú kúlà ni kó wà. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi èso sí i, ẹ ò ṣe kúkú yọ benzoate kúrò, kẹ́ ẹ tà á tán láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta látinú fíríìjì?

Ọmọ yín ńkọ́? Lọ́dún 2016, EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, ní mílígíráàmù 5 lóòjọ́ fún kílò ara kan ò léwu, àwọn ògbógi àjọ àgbáyé FAO àti WHO wá gbé e dé 20 ní 2021. Èmi ò kì í kọjá 5 fún ọmọdé. Ọmọ tó bá wúwo tó kílò 20, mílígíráàmù 100 ni tiẹ̀ lóòjọ́. Bọ́tìlì yín kan bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é báyìí ní tó 400 sí 500. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n dáadáa, á wálẹ̀ sí bíi 125, ẹ wá fún un ní ìdajì bọ́tìlì péré, ẹ sì rántí pé ó lè ti mu ẹlẹ́rìndòdò mìíì níléèwé. Ẹ má fòyà nítorí èyí tó ti mu sẹ́yìn, kò dúró sára. Àmọ́ tó bá lásímà, tàbí tí ara ẹ̀ ń sú tó bá ti mu ún, ẹ dá a dúró fún un.

Kẹ́ ẹ tó ra benzoate mìíì, ẹ wo ara àpò ẹ̀. Ní Ọjọ́ta àti láwọn ọjà kẹ́míkà, èyí tí wọ́n ń lò kí irin má baà dípẹtà wà níbẹ̀, kì í ṣe fún ẹnu. Èyí tí wọ́n kọ food grade sí lára, ìyẹn èyí tó ṣeé fi sóúnjẹ, nìkan ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n bù sínú ọ̀rá tí ò lórúkọ. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára bọ́tìlì yín pé ó wà níbẹ̀.

Ti ófíò, rárá o. Kò kan, benzoate ò lè ríṣẹ́ ṣe nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wàrà sóyà. Àwọn tó ń fi sí i kàn ń kó o sínú àwọn èèyàn lásán ni, ó ṣì máa bàjẹ́ lọ́jọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ fún ófíò yín láàárọ̀, ẹ kó o sínú yìnyín kíákíá, ẹ tà á tán lọ́jọ́ náà, èyí tó bá sì máa sùn, inú fírísà ni kó sùn.