Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àkóso Kọ̀ǹpútà Níbi Iṣẹ́

Lẹ́tà márùn-ún la fà yọ lóṣù yìí, Òṣogbo sì ni gbogbo wọn ti wá. Kò sí èyí tó béèrè bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú wọn. Ta ló láṣẹ, ta ló sì máa dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́, ni wọ́n ń béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni orúkọ tí kálukú pè é.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lé ní 260. Láti ọdún mẹ́rin, ọmọkùnrin kan ló ń bá wa bójú tó kọ̀ǹpútà, ìkànnì àti sọ́fíwià tí a fi ń ka owó. Òun náà ló ń tẹ owó tí a bá dá àti ẹ̀yáwó wọlé. Ó ti ríṣẹ́ sí Èkó, ó sì ti kó lọ. Kò sí ẹni tó mọ password kankan nínú ìgbìmọ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an ni ìkànnì wa wà. A ò bá a jà, àmọ́ kì í tètè gbé ìpè mọ́. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òkè-Fìà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ọn o. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé ìpè, wákàtí méjì tí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé á mú nǹkan wá ju ìwé lọ́yà lọ. Bí ẹ bá jẹ ẹ́ lówó, ẹ san án kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Ímeèlì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ "mo ti gbàgbé password" lórí ohunkóhun, inú ímeèlì ni ìdáhùn ń bọ́ sí. Bí ẹ bá gba ìkànnì tí ímeèlì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó bá jí fóònù rẹ̀ nínú dáńfó lè gba gbogbo rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ṣí ímeèlì tuntun lórúkọ ẹgbẹ́. Nọ́ńbà tí ẹ máa so mọ́ ọn, kó jẹ́ ti síìmù tó ń gbé inú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, kó má jẹ́ ti alága, torí alága náà á kúrò lórí àga lọ́jọ́ kan. Kí ẹ sì máa ra káàdì sí i lóṣooṣù. Síìmù tí a pa tì pẹ́, iléeṣẹ́ fóònù lè gbà á fún ẹlòmíràn.

Orúkọ ìkànnì ló tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹgbẹ́ ṣí àkáǹtì tirẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan náà tí ọmọ yẹn ti ra orúkọ náà, kó wá tì í síbẹ̀ láti inú àkáǹtì tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, ẹ máa nílò kóòdù ìyọ̀ǹda, orúkọ .com tí kò tíì pé 60 ọjọ́ tí wọ́n rà á kò sì lè kúrò níbi tó wà. Ẹ wo ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán. Orúkọ .com tí wọn kò san owó rẹ̀ títí iléeṣẹ́ fi pa á rẹ́ ṣì ní 30 ọjọ́ tí ẹ lè fi owó gọbọi rà á padà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á tì í pa fún ọjọ́ márùn-ún tí ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án, á sì di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí i. Ọmọ yín lè má ṣe ibi kankan, kó kàn gbàgbé láti sanwó, kí orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ sọ́wọ́ oní-tẹ́tẹ́.

Ibi tí ìkànnì ń gbé ló kàn. Kí ẹ tó yí password rẹ̀ padà, ẹ kó ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan méjì ni ẹ̀dà yìí: àwọn fáìlì, àti database, ìyẹn ibi tí ìkànnì ń kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kó fáìlì nìkan, wọ́n á rí àwòrán àti àkọlé, wọ́n á ní ó ti parí, láìmọ̀ pé inú database ni orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà.

Sọ́fíwià owó ni kí ẹ fi parí. Ẹ má pa àkáǹtì ọmọ náà rẹ́ kíá. Ẹ jẹ́ kó fún ẹni méjì nínú yín ní àṣẹ tó tó tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì wọlé, kí wọ́n sì gbìyànjú láti dá ẹnì kẹta sílẹ̀ níbẹ̀. Bí èyí bá ṣeé ṣe, ẹ ti àkáǹtì tirẹ̀ fún 30 ọjọ́, kí ẹ tó pa á rẹ́. Ohun tó ń fa èyí ni pé iṣẹ́ kan lè máa ṣe ara rẹ̀ lóru lábẹ́ orúkọ rẹ̀, bí àtẹ̀jíṣẹ́ owó ìdá tàbí ẹ̀dà tó ń pa ara rẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá pa orúkọ náà rẹ́, wọ́n á dákẹ́ láìsí ariwo, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹnì kan á fi béèrè.

Nísinsìnyí, ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi rúlà fa ọ̀nà márùn-ún sí i: nǹkan náà, ẹni tó ń pinnu, ẹni tó ń ṣe é, ẹni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tí owó rẹ̀ ń tán. Ìlà kan máa rí báyìí: "Orúkọ ìkànnì. Ìgbìmọ̀. Ọmọ kọ̀ǹpútà. Akápò. 14 oṣù kẹta." Ìlà mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló máa kún un ní ẹgbẹ́ bíi tiyín. Àwọn password wọ inú àpòòwé tí alága àti akápò fọwọ́ sí lórí ibi tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, àpòòwé wọ inú séèfù, ẹ ó sì máa ṣí i ní gbogbo oṣù mẹ́ta láti dán wọn wò. Àpòòwé tí a kò dán wò fún ọdún kan, ìdajì ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lè di irọ́.

Ẹ kò béèrè, àmọ́ a máa sọ ọ́: ẹni tó ń tẹ owó wọlé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí ẹ̀yáwó, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun náà ló ń fi ìwé yín wé ìwé báǹkì. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Bí ẹ bá kéré níye, kí akápò máa fi tiyín wé ti báǹkì, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i lóṣooṣù.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra sọ́fíwià èsì ìdánwò àti owó ilé-ìwé lọ́dún tó kọjá. Títí di òní, inú ìwé ni àwọn tíṣà ń kọ èsì sí. Ọ̀gá àgbà ní àwọn tíṣà ń ṣọ̀lẹ, àwọn tíṣà ní sọ́fíwià náà le, ẹni tó tà á ní kí n san owó ẹ̀kọ́ sí i. Ta ni kí n gbà gbọ́? (Ìyá ilé-ìwé, Alékúwodò)

ÌDÁHÙN: Mà, òótọ́ lè wà lẹ́nu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO/IEC 38500, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2008. Iṣẹ́ mẹ́ta ló gbé lé olórí lọ́wọ́ lórí kọ̀ǹpútà: kó yẹ ọ̀rọ̀ wò, kó pàṣẹ, kó sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ̀yin ti pàṣẹ, torí owó tí ẹ san ni àṣẹ. Méjì tó kù ni kò tíì wáyé. Ìlànà yẹn tilẹ̀ ka ìṣesí ènìyàn mọ́ ìpìlẹ̀ mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni tíṣà kankan kò bá yín jókòó kí ẹ tó rà á.

Ẹ mú kíláàsì kan, ká ní JSS 2. Fún táàmù kan péré, kí wọ́n kọ èsì sínú ìwé, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kí ẹnì kan fi aago wo ìṣẹ́jú tí tíṣà kan fi tẹ máàkì ọmọ 35. Bó bá ju ìṣẹ́jú 40 lọ, sọ́fíwià ló le lóòótọ́. Bó bá kéré jùyẹn tí wọn kò sì tún lò ó, ẹ lọ ka kọ̀ǹpútà tó wà, kí ẹ sì wò ó bóyá iná máa ń wà ní wákàtí tí ọwọ́ tíṣà dilẹ̀. Ní táàmù kejì, ìwé parí: kí ọ̀gá àgbà má gba èsì orí ìwé mọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan tíṣà tó dàgbà jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ń ṣubú. Wọ́n ń yan ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà máa bẹ̀rẹ̀, wọn kì í yan ọjọ́ tí ìwé máa parí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ sí i fún olùtajà, ẹ ní kó kó gbogbo èsì jáde sínú Excel lójú yín. Bó bá ń yí ẹnu, a jẹ́ pé dátà yín ti di ẹrù tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àwa mẹ́jọ là ń ta fóònù ní Ọláìyá. Ọmọ mi tó ń kàwé ní àfi ká ṣe COBIT. Ṣé dandan ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan, sà. Ìlànà lórí bí iléeṣẹ́ ṣe ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà ni COBIT. Àfojúsùn 40 ló wà nínú COBIT 2019 tí ISACA, ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́ àkóso kọ̀ǹpútà, ṣe, ìwé náà fúnra rẹ̀ sì sọ pé kí iléeṣẹ́ gé e sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ mú mẹ́ta: bí ẹ ṣe ń bá àwọn tó ń tajà fún yín ṣe (APO10), bí iṣẹ́ ṣe máa tẹ̀síwájú bí ẹ̀rọ bá kú (DSS04), àti ààbò (DSS05). Ojú ìwé kan tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

ÌBÉÈRÈ: Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ni ìwé àwọn aláìsàn wa wà, a sì ní ẹ̀dà sórí fíláàṣì tó máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n ní òfin wà. Kí lòfin náà ń fẹ́? (Máńjà ilé ìwòsàn àdáni, Ògo-Olúwa)

ÌDÁHÙN: Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà ni, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 12 oṣù kẹfà 2023. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun ẹlẹgẹ́. Bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa ẹnì kan lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó o, láti ìgbà tí ẹ ti mọ̀. Bí ewu náà bá ga, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún aláìsàn náà lójú ẹsẹ̀.

Fíláàṣì tó ń wà lára kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀dà o. Olè tó gbé ọ̀kan gbé méjèèjì, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa láti gba owó ìtúsílẹ̀ á sì ti ti fíláàṣì pẹ̀lú. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan máa gbé níbòmíràn. Ẹ ra díìsìkì méjì, kí ọ̀kan máa wà nílé dókítà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ fi BitLocker, ohun tó wà nínú Windows láti fi ti díìsìkì pa, ti gbogbo wọn. Windows Pro ló ní i lódindi, ti Home kò tó. Kọ́kọ́rọ́ ìṣílẹ̀ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ńbà 48, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ẹ fi pamọ́ síbòmíràn.

Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ẹ mú káàdì aláìsàn kan láti inú ẹ̀dà náà, kí ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí kò bá ṣí, ẹ kò tíì ní ẹ̀dà. Àti UPS, ẹ jọ̀wọ́: iná tó lọ lójijì nígbà tí database ń kọ nǹkan sílẹ̀ lè bà á jẹ́, jẹnẹrétọ̀ kì í sì yára tó bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mò ń ṣe máásítà ní yunifásítì níbí. Mo fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àkóso kọ̀ǹpútà nínú iléeṣẹ́, àmọ́ ó dà bíi pé wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. Kí ló kù?

ÌDÁHÙN: Ó kù, ó pọ̀. Iṣẹ́ àwọn olùwádìí méjì, Weill àti Ross, tó jáde lọ́dún 2004, tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí, iléeṣẹ́ ńláńlá ló dá lé. Ìbéèrè wọn dára: nínú ìpinnu márùn-ún pàtàkì lórí kọ̀ǹpútà, ta ló ń pinnu ọ̀kọ̀ọ̀kan? Gbé ìbéèrè yẹn wá sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ìjọba ìbílẹ̀, kí o rí bí ìdáhùn ṣe máa yí. Àwọn olùwádìí méjì mìíràn, De Haes àti Van Grembergen, pín àkóso sí ètò ìgbìmọ̀ àti ipò, ìlànà iṣẹ́, àti àjọṣe ènìyàn. Àjọṣe yẹn ni kí o wò dáadáa. Bí alága bá jẹ́ àgbà tí kò mọ kọ̀ǹpútà, ọ̀nà wo ni ọmọ ọdún 24 fi ń sọ fún un pé ohun tó fẹ́ rà kò dára? Ṣé ìpàdé ni, àbí ó ń gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kọjá? Àwọn ìwé tí a ń kà kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn.

Èkejì ni WhatsApp. Ìpinnu ńlá ń wáyé níbẹ̀, wọ́n á tẹ "ó dáa" mẹ́rin, owó á jáde, kò sí nínú ìwé ìpàdé. Ta ló máa dáhùn lẹ́yìn ọdún méjì? Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ tó ń dá ronú (AI): òṣìṣẹ́ ń da orúkọ àti ọ̀rọ̀ oníbàárà sínú rẹ̀ láti fi kọ lẹ́tà, ọ̀gá kò mọ̀. ISO/IEC 38507 jáde lọ́dún 2022 lórí ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ olórí, ISO/IEC 42001 sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2023. Ohun tí iléeṣẹ́ eléèyàn 20 lè mú lò nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ máásítà kan lódindi.

Má pín fọ́ọ̀mù 200 tí wọ́n ti máa fàlà sí "mo gbà gidigidi" o. Ohun tó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá máa fàlà sí, ohun tí wọ́n ń ṣe kò ní hàn níbẹ̀. Má sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan, torí orí ìgbìmọ̀ ni ìṣàkóso wà. Mú iléeṣẹ́ mẹ́rin. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yan ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rà láàárín ọdún méjì, kí o sì tọpa rẹ̀ láti ẹnu ẹni tó kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ dé orí rìsíìtì. Gba ìwé ìyọ̀ǹda ilé-ẹ̀kọ́ rẹ àti ti iléeṣẹ́ náà kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì ya oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ fún un, torí oṣù méjì lè lọ sórí wíwá ìwé ìpàdé nìkan. Níbi tí ìwé ìpàdé kò bá sí, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Ara àbájáde ìwádìí rẹ nìyẹn.