Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Dókítà: Oògùn Họ́mọ̀nù àti Eegun Obìnrin Tí Nǹkan Oṣù Rẹ̀ Tètè Dúró

ÌBÉÈRÈ: Okun o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí ní Kàbà, ọmọ ọdún 46 sì ni mí. Ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 38 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fáíbrọ́ìdì fún mi, tí wọ́n yọ ilé ọmọ, tí wọ́n sì yọ àpò ẹyin méjèèjì mọ́ ọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lo oògùn họ́mọ̀nù, ooru àti òógùn òru tó ń dà mí láàmú sì ti lọ pátápátá. Níbi ìpàdé ẹbí, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sọ pé ọdún 5 péré ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi lo oògùn náà, àti pé ẹni tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá jẹjẹrẹ ọyàn. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ti pa á tì. Ṣùgbọ́n ìyá mi ṣubú ní balùwẹ̀ nígbà ayé wọn, eegun ìgbáròkó wọn ṣẹ́, wọn kò sì dá rìn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Èwo ni kí n bẹ̀rù nínú méjèèjì? — Olùkọ́, Kàbà.

ÌDÁHÙN: Okun o, olùkọ́ wa. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ oògùn náà fún yín láìpẹ́, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti dá a dúró, nítorí pé, ayàfi bí àìsàn mìíràn bá wà tó lòdì sí i, kò tíì yẹ kí ẹ dá a dúró. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró kí ó tó pé ọmọ ọdún 45, pàápàá jù lọ ẹni tí tirẹ̀ dúró kí ó tó pé 40, ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn gbà níyànjú pé kí ó máa lo họ́mọ̀nù, ó kéré tán, títí di nǹkan bí ọdún 50 tàbí 51, tí í ṣe ọjọ́ orí tí nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, oògùn náà kò fi nǹkan kan kún ohun tó yẹ kó wà lára obìnrin ọlọ́dún 46. Ohun tí àpò ẹyin yín ì bá máa pèsè bí wọn kò bá yọ ọ́ ni ó ń dá padà.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kan eegun rèé. Eegun wa kì í wà lójú kan. Lójoojúmọ́ ni ara ń hú èyí tó ti gbó kúrò, tí ó sì ń fi tuntun dí àyè rẹ̀, bí ìgbà tí àwọn kan bá ń wó ògiri àtijọ́ tí bíríkìlà sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn láti tún un mọ. Họ́mọ̀nù tí à ń pè ní ẹ́sítírójìnì ni ó ń dá ọwọ́ àwọn tó ń wó o dúró. Ọjọ́ tí ẹ́sítírójìnì bá ti lọ, wíwó á yá ju mímọ lọ, obìnrin sì lè pàdánù tó ìdá 20 nínú 100 eegun ara rẹ̀ láàárín ọdún 5 sí 7 àkọ́kọ́. Ẹni tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ní ọmọ ọdún 51 ti lo eegun rẹ̀ pẹ́. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí ní 38 ní ọdún 13 tí yóò fi máa pàdánù eegun nígbà tí tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà digbí. Kì í dun ni, kì í sì í wú. Ọjọ́ tí ọrùn ọwọ́, eegun ẹ̀yìn tàbí ìgbáròkó bá ṣẹ́ nítorí ìṣubú tí kò tó nǹkan ni ọ̀pọ̀ ń mọ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín ti jáde, láìfi igbá kan bo ọ̀kan nínú, nítorí pé kò parọ́. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó fi wé tiyín. Ní ọdún 2002, wọ́n dá ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà kí àkókò rẹ̀ tó pé. Àwọn obìnrin 16,608 tí wọ́n ṣì ní ilé ọmọ ni wọ́n pín sí méjì, tí wọ́n fún àwọn kan ní ẹ́sítírójìnì pẹ̀lú họ́mọ̀nù kejì tí à ń pè ní projẹ́sítírónì, tí wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5, wọ́n rí i pé jẹjẹrẹ ọyàn, rọpárọsẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ dídì pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo họ́mọ̀nù. Ti jẹjẹrẹ ọyàn jẹ́ nǹkan bí ẹni 8 lé sí i nínú 10,000 obìnrin lọ́dún kan. Ìròyìn yẹn ni gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí kò tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọmọ ọdún 50 sí 79 ni àwọn obìnrin náà, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ 63, àti pé eegun ìgbáròkó tó ṣẹ́ láàárín àwọn tó lo oògùn dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò sí ọlọ́dún 38 kankan níbẹ̀. Òfin ọdún 5 tí nọ́ọ̀sì wa ń sọ, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà wọ̀nyẹn ni ó ti wá. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 38 kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún 5 kankan títí yóò fi pé 50.

Nǹkan mìíràn tún wà tó kàn yín tààrà. Ẹni tó bá ṣì ní ilé ọmọ ni wọ́n ń fún ní projẹ́sítírónì mọ́ ẹ́sítírójìnì, nítorí pé ẹ́sítírójìnì nìkan lè mú kí ara inú ilé ọmọ nípọn kọjá ààlà, kí ó sì di jẹjẹrẹ. Ẹ̀yin kò ní ilé ọmọ mọ́, nítorí náà ẹ́sítírójìnì nìkan tó fún yín. Nínú ìwádìí kejì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn obìnrin 10,739 tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn, tí wọ́n lo ẹ́sítírójìnì nìkan, jẹjẹrẹ ọyàn kò pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ yẹ páálí oògùn yín wò: bí ẹ bá rí orúkọ họ́mọ̀nù méjì lára rẹ̀, ẹ bi dókítà ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí mi ò lè sọ pé kí wọ́n lò ó: ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì ní ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ rí, ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àti ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ lójú ara tí a kò sì mọ ohun tó fà á. Bí ẹ bá wà lára wọn, dókítà yóò wá ọ̀nà mìíràn fún eegun yín.

Ti hóró oògùn àti èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara: hóró ni ó wọ́pọ̀ ní kẹ́mísì wa, ṣùgbọ́n èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ ara kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà ó sàn fún ẹni tó sanra tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Bí ẹ bá rí i rà, abẹ́ ìdodo tàbí ìdí ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe orí ọyàn. Ẹ má fi ìpara pa ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa lẹ́yìn ìwẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Nínú ooru oṣù kẹta ilẹ̀ wa, òógùn máa ń ṣí i kúrò, ọ̀pọ̀ kì í sì í fura. Bí hóró yín bá tán ní kẹ́mísì, ẹ má gba oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí dípò rẹ̀ nítorí pé ẹni tó ń tà á ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwọ̀n oògùn pàápàá ṣe kókó: èyí tí wọ́n ń fún ìyá ọlọ́dún 55 nítorí ooru lè kéré jù láti dá ààbò bo eegun ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Nítorí ti ìyá yín, mo fẹ́ kí ẹ béèrè fún àyẹ̀wò eegun tí wọ́n ń pè ní DXA nísinsìnyí, kí ẹ má dúró de ọdún 50, torí pé ọmọ ẹni tí ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́ wà nínú ewu ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ ó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, ẹ̀rọ á kọjá lókè yín, kò sì ní dùn yín rárá. Bí èsì bá wà láàárín -1 sí -2.5, eegun ti ń fúyẹ́. Bí ó bá jẹ́ -2.5 tàbí tó burú jù bẹ́ẹ̀, ó ti di ẹlẹgẹ́. Ẹ̀rọ náà kò pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ fi fóònù béèrè ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá Lọ́kọ́jà, Ìlọrin tàbí Àbújá kí ẹ tó wọkọ̀. Bí ẹ bá wá pé 50, ẹ̀yin àti dókítà yóò tún un wò. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá dá họ́mọ̀nù dúró ni eegun yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, nítorí náà ó dára kí ètò oògùn mìíràn ti wà nílẹ̀ bí èsì àyẹ̀wò bá béèrè fún un.

Oúnjẹ kò lè rọ́pò họ́mọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹ nílò kálísíọ́mù bí 1,000 sí 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́. Wàrà àwọn Fúlàní, yànmọ̀tí àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ tegungun-tegungun wúlò gan-an. Ohun tó ń bí mi nínú ni oògùn ìsanra tí wọ́n ń tà lọ́jà fún àwọn obìnrin. Sìtẹ́rọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń jẹ eegun.

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ọmọ ọdún 58 ni ìyá mi ní Ìsánlú. Ọdún 43 ni nǹkan oṣù wọn lọ, wọn kò sì lo oògùn kankan. Ó jọ pé wọ́n ń kúrú sí i. Ṣé wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ họ́mọ̀nù báyìí? — Ọmọ wọn, Ìsánlú.

ÌDÁHÙN: Ó ti tó ọdún 15 tí nǹkan oṣù wọn ti lọ, bíbẹ̀rẹ̀ họ́mọ̀nù lẹ́yìn ọdún 10 ń mú ewu ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wá, nítorí náà kì í ṣe òun ni mo máa kọ́kọ́ mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ti ògiri láìwọ bàtà, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí wọn, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ti fi sẹ̀ǹtímítà 4 kúrú sí bí wọ́n ṣe ga nígbà èwe, ó ṣeé ṣe kí eegun ẹ̀yìn wọn ti rún, ẹ mú wọn lọ ya fọ́tò rẹ̀. Dókítà lè fún wọn ní hóró alendronate, oògùn eegun tó ń dá ọwọ́ àwọn tó ń wó o dúró, tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí wọ́n lò ó, kí wọ́n tó jẹun tàbí mu tíì, pẹ̀lú omi ife kan tó kún, kí wọ́n má sì dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, nítorí pé bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó ń bó o. Ìyá tó bá máa ń padà sùn lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ nílò ẹni tí yóò jókòó tì í títí àkókò náà yóò fi pé.