Ọjọ́ ọjà nìkan ni ọmọ mi kì í lọ sí ilé-ìwé. Ṣé ó lè ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá tísà. Gààrí ni mò ń tà ní ọjà ọrọọrún wa ní Ìbàràpá. Ọmọbìnrin mi wà ní Pírámárì 5, ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé. Lọ́jọ́ ọjà, òun ló máa ń bá mi wọn gààrí, torí ọwọ́ èmi nìkan kò ká a. Láwọn ọjọ́ yòókù ó ń lọ sí ilé-ìwé, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pọnmi, kó sì wẹ àbúrò rẹ̀ kó tó kúrò nílé, nítorí náà àsémbílì máa ń ti parí kó tó débẹ̀. Tísà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé bó bá ń bá a lọ báyìí, yóò tún kíláàsì kà, pé ìjọba tilẹ̀ lè fi òfin mú mi. Ṣé lóòótọ́ ni? Ọjọ́ kan péré ni mo ṣáà ń dá a dúró, kì í sì í ṣe pé ó ń ṣeré.
Ìyá Ọlọ́gààrí

Ìdáhùn: Ìyá Ọlọ́gààrí, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó dáa tí ẹ béèrè, torí ọ̀pọ̀ òbí ni kì í béèrè títí káàdì èsì ìdánwò yóò fi dé ọwọ́ wọn. Mi ò ní bá yín jà pé ọmọ ń ràn yín lọ́wọ́. Ọmọ tí kò lè pọnmi, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn, mi ò lè fi irú rẹ̀ yangàn. Àsìkò tí ẹ fi iṣẹ́ náà sí ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ kan péré yẹn ná. Ká ní ọjà bọ́ sí ọjọ́ Ajé lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko ni ó máa ń gbà kó tó yí po, ọjà méje ló sì wà nínú rẹ̀. Méjì bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, márùn-ún bọ́ sí ọjọ́ ilé-ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, ogún ọjọ́ ni ilé-ìwé fi ń ṣí. Márùn-ún nínú ogún, ìdámẹ́rin nìyẹn! Ní sáà ọlọ́sẹ̀ méjìlá, ọjọ́ 15 nínú 60 ni. Bí sáà mẹ́ta bá pé, ó di ọjọ́ 45, èyí tí í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án odidi. Bí ẹnì kan bá ní kí ọmọ yín jókòó sílé láti ọjọ́ tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án títí oṣù kọkànlá yóò fi dé ìdajì, ẹ ò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, ẹ ò fura. (Àwọn tí ń ná ọjà ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ìdajì èyí ni tiwọn. Ìyẹn náà kò kéré.)

Àwọn ọjọ́ tó wá ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì la máa ń fi síwájú nínú táìmtébù, torí oòrùn kò tíì mú, ojú àwọn ọmọ sì ṣì mọ́lẹ̀. Píríọ́ọ̀dù kan kì í ju nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ọmọ tó dé lẹ́yìn àsémbílì yóò kọ́kọ́ pàdé tísà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní géètì, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, nígbà tí yóò bá fi jókòó, wọ́n ti ń nu pátákó. Bó bá pàdánù ogójì ìṣẹ́jú ní ọjọ́ 45 tó wá nínú sáà kan, ọgbọ̀n wákàtí nìyẹn. Bí ọjọ́ ilé-ìwé kan bá jẹ́ wákàtí mẹ́fà, ọjọ́ márùn-ún tún ti lọ. Ẹ rò ó mọ́ 15 ti ọjọ́ ọjà: ogún nínú ọgọ́ta. Ìdá mẹ́ta sáà ni ọmọ yín kò sí ní kíláàsì, lójú yín ó sì ń lọ sí ilé-ìwé. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọgbọ̀n wákàtí yẹn kò tàn káàkiri gbogbo iṣẹ́. Orí iṣẹ́ kan tàbí méjì tó wà ní òwúrọ̀ ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Mo ti jókòó ti ọmọ kan rí, Pírámárì 5 bíi ti ọmọ yín, tó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. Mo bi í bó ṣe ṣe é. Ó ní òun ro tòkè mọ́ tòkè, òun sì ro tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Mo ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn: déètì ọjọ́ Ẹtì wà níbẹ̀, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tẹ̀ lé e, kò sí ti ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni tísà kọ́ wọn pé a gbọ́dọ̀ sọ ìsàlẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan náà ná, kí 1/2 di 3/6, kí 1/3 di 2/6, kí àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ 5/6. Mo wá bi í pé bó bá bu ìdajì kóǹgò gààrí sínú abọ́, tó tún bu ìdá mẹ́ta kóǹgò lé e, ṣé yóò ju ìdajì kóǹgò lọ àbí kò ní tó o? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní yóò jù ú lọ dáadáa. Mo ní ṣùgbọ́n 2/5 tó kọ yìí kò tó ìdajì. Ó tẹjú mọ́ ìwé náà, ó mú rọ́bà, ó pa á rẹ́. Kò sóhun tó ṣe ọpọlọ ọmọ yẹn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ni kò gbọ́.

Lẹ́yìn ìdá ni désímà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò èrè àti àdánù, iṣẹ́ yín gan-an. Ọmọ tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ yóò máa da ti ìkẹyìn rú, tísà tó ní ogójì ọmọ níwájú kò sì lè máa padà sẹ́yìn lójoojúmọ́ nítorí ẹnì kan. Nígbà tó bá ti gba òdo tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa sọ pé olódo ni òun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ jí nìyẹn, ju kó tún kíláàsì kà lọ.

Ẹ wo káàdì rẹ̀ ti sáà tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ là ń pe rẹ́jísítà, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án: ilà fún ẹni tó wá, òdo fún ẹni tí kò wá. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí i nínú káàdì pé ìgbà 120 ni ilé-ìwé ṣí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 60 ni. Iye ìgbà tí ọmọ wá wà nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá rí 90 níbẹ̀, ọjọ́ 15 ló ti sọnù. Ipò ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń sáré wò, wọn kì í ka ibi tí wọ́n kọ ìdí ipò sí.

Ní ti títún kíláàsì kà, tísà kò parọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, 40 nínú 100 máàkì ló ń wá láti inú iṣẹ́ kíláàsì àti tẹ́ẹ̀sì kéékèèké tí wọ́n ń ṣe láàárín sáà. 60 tó kù ni ti ìdánwò. Tẹ́ẹ̀sì tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, òdo ni fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, àyàfi tí ẹ bá ti bá tísà sọ ọ́.

Ní ti òfin, ó wà. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UBE, sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, kó sì parí méjèèjì. Òbí tí ilé-ẹjọ́ bá dá lẹ́bi nígbà àkọ́kọ́, ìbáwí ni wọ́n máa fún un. Bó bá di ìgbà kejì, owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún méjì náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Láti ìgbà kẹta lọ, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tàbí oṣù méjì, tàbí méjèèjì. Èmi kì í fi òfin yìí halẹ̀ mọ́ òbí, torí ìyá tí ẹ̀rù bá ń bà kì í wá sí ilé-ìwé mọ́, a ó sì pàdánù tìyá tọmọ. Àríyànjiyàn lórí bóyá kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé tàbí kó bá òbí ṣiṣẹ́ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwọn àgbẹ̀ ń ráhùn pé ta ni yóò wá bá àwọn ṣoko.

Ó yá, kí lẹ lè ṣe? Ọjà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń jáde ní nǹkan bí aago kan sí méjì ọ̀sán, ọjà kò sì tíì tú nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó ti ilé-ìwé wá bá yín ní ìsọ̀, kó jẹun, kó wá gba kóǹgò lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ló kù. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà, ẹ jọ jókòó, kí ẹ wọn gààrí sínú ọ̀rá ní kóǹgò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dì í. Bílẹ̀ bá mọ́, owó nìkan lẹ ó máa gbà. Mo mọ̀ pé oníbàárà fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí kóǹgò, ó sì fẹ́ ènì; ẹ gbé kóǹgò sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tí kò bá gbà gbọ́ tún un wọ̀n, kí ẹ sì bu ènì lé e lójú rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ wá ẹni tó ti kúrò nílé-ìwé tí yóò dúró tì yín di ọ̀sán, kí ẹ fún un ní nǹkan. Ó máa ná yín lówó díẹ̀, mi ò ní tàn yín.

Omi tó yẹ kó pọn láàárọ̀, kó pọn ọ́n lálẹ́. Bó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin tó ti lè gbé korobá, omi kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin nìkan. Kó fọ yúnífọ́ọ̀mù kí ilẹ̀ tó ṣú, kó to ìwé sínú báàgì, kó gbé sáńdà méjèèjì sẹ́nu ọ̀nà kó tó sùn. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ẹsẹ̀ bàtà kan tí wọn ò rí ni àwáwí tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọ tó bá pẹ́. Kí ẹ sì fún un ní aago tí yóò jáde nílé. Bí ilé-ìwé bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, tí ìrìn ibẹ̀ sì gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kó kúrò, yálà àbúrò ti wẹ̀ tàbí kò tíì wẹ̀. Ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ lẹ ó wẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí kò yẹ kó lọ wà o. Bí ibà bá dá a gúnlẹ̀, bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èéyi bá ń ṣe é, ẹ fi í sílé, kí ẹ ránṣẹ́ sí tísà láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó má dúró di ọjọ́ tó padà wá. Àmọ́ inú rírun tó máa ń dé ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ní tẹ́ẹ̀sì, ẹ rọra wádìí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́, tàbí pé kò ní ìwé. Ohun kan tún kù tí a máa ń dákẹ́ lé lórí: ọmọbìnrin Pírámárì 5 kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan oṣù. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í wá ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin lóṣooṣù nítorí ẹ̀rù pé aṣọ yóò yí. Ẹ bá a sọ ọ́ ṣáájú, ẹ fi páàdì tàbí aṣọ mímọ́ tí ẹ ká dáadáa sínú báàgì rẹ̀, kí ẹ sọ orúkọ tísà obìnrin kan fún un tó lè lọ bá.

Ẹ bá tísà sọ̀rọ̀ lórí ìjìyà náà. Ọmọ tó pẹ́, tí wọ́n wá ní kó lọ gé koríko nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ìṣirò, ilé-ìwé náà ti bá yín gba nínú àsìkò rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, mo sì máa ń sọ ọ́ fáwọn tísà mi. Kó wọlé kàwé ná, kí ìyà dúró di bréèkì. Bó bá sì jẹ́ tísà ni kì í tètè dé, ẹ má fi í ṣe ìdí láti dá ọmọ dúró; ẹ lọ bá hẹ́dìmásítà tàbí hẹ́dìmísírẹ́sì, tàbí kí ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa lọ, ẹ mú ìwé ìṣirò rẹ̀ dání, kí ẹ sì yá ti ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí kì í pa ilé-ìwé jẹ. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí tísà bá yín sàmì sí gbogbo déètì tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, kó sì sọ mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́. Bí ìdá bá wà nínú rẹ̀, kóǹgò wà nílé, ẹ̀yin náà lè kọ́ ọ.